Bí a ṣe ń ka gíréèdì lórí ìwé èsì jẹjẹrẹ ọmú

Ìwé èsì báyọ́sì (àyẹ̀wò tí wọ́n ti ń gé ẹran díẹ̀ nínú kókó láti wò ó) kì í gùn. Ojú ewé kan ni, bóyá méjì, gbogbo rẹ̀ sì kún fún irú òyìnbó tí òyìnbó pàápàá kì í sọ nínú ilé. Ibi tí ojú ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń lọ tààrà ni nọ́ńbà: Grade 2, Grade 3. Ẹlòmíràn á rí 1, á ní ewu ti kọjá, á sì lọ jókòó sílé. Ẹlòmíràn á rí 3, á bẹ̀rẹ̀ sí í pín ẹrù rẹ̀ fún àwọn ọmọ. Àwọn méjèèjì ti ṣi nọ́ńbà náà kà. Mo fẹ́ ká jọ ka ìlà yẹn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kí ẹ lè mọ ohun tó ń sọ àti ohun tí kò sọ kí ẹ tó wọlé bá dókítà yín. Dókítà náà ló mọ ìyókù ọ̀rọ̀ ara yín. Iṣẹ́ ìtọ́sọ́nà yìí ni pé kí ẹ lè bá a sọ̀rọ̀ kí ó yé yín.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ gba ìwé náà sọ́wọ́

Àgbọ́sọ ò tó. "Wọ́n ní ó ti wọ three" kì í ṣe èsì. Three kí ni? Ẹ béèrè ìwé histology gan-an, ìyẹn èsì àyẹ̀wò ẹran náà, èyí tí patọ́lọ́jíìsì (dókítà tó ń fi máíkíróskóòpù wo ẹran) fọwọ́ sí, kì í ṣe lẹ́tà tí dókítà kan fi rán yín sí dókítà kejì. Ẹ fi fóònù ya fọ́tò ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ tó ka ohunkóhun, ẹ wo òkè rẹ̀: orúkọ, ọjọ́ orí, ọmú ọ̀tún tàbí ti òsì, ọjọ́ tí wọ́n gé ẹran náà, àti nọ́ńbà láàbù. Nọ́ńbà láàbù yẹn ni wọn yóò fi wá ẹran yín jáde lọ́jọ́ iwájú, ẹ má jẹ́ kó sọnù. Bí orúkọ tàbí ìhà ọmú ò bá bára mu, ẹ dá ìwé náà padà kí ẹ tó ka ìlà kejì.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "Diagnosis" tàbí "Conclusion" sí. Èyí tó wọ́pọ̀ jù níbẹ̀ ni "invasive ductal carcinoma", tí àwọn mìíràn ń kọ ní "invasive carcinoma of no special type". Ohun kan náà ni wọ́n: jẹjẹrẹ tó ti já ògiri ojú ọ̀nà wàrà, tó ti wọ inú ẹran ọmú. Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni gíréèdì máa ń wà. Láàbù kan lè kọ Nottingham, òmíràn Bloom-Richardson, òmíràn SBR tàbí Elston-Ellis. Ẹ má dààmú, ẹbí kan ni gbogbo wọn. Bloom àti Richardson gbé ètò máàkì yìí jáde ní 1957. Elston àti Ellis tún un ṣe ní ìlú Nottingham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1991, kí dókítà méjì tó bá wo ẹran kan náà lè fún un ní máàkì kan náà. Òun ni wọ́n ń lò ní Ìbàdàn, òun náà ni wọ́n ń lò ní London.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ya gíréèdì sọ́tọ̀ kúrò lára sítéèjì

Ibí ni ọ̀pọ̀ ìjayà àti ọ̀pọ̀ ìfọ̀kànbalẹ̀ asán ti ń wá, nítorí náà ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀.

Gíréèdì ń sọ ìwà jẹjẹrẹ náà. Sítéèjì ń sọ ibi tó ti rìn dé. Láti mọ sítéèjì, dókítà á wo bí kókó náà ṣe tóbi tó, bóyá ó ti dé àwọn kókó wẹ́wẹ́ tó wà lábíyá, àti bóyá ó ti dé eegun, ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀dọ̀ tàbí ọpọlọ. Ọwọ́ dókítà, máḿógíráàmù, sítíì-sìkáànì àti iṣẹ́ abẹ ló ń sọ ìyẹn. Gíréèdì ní tirẹ̀, abẹ́ máíkíróskóòpù nìkan la ti ń rí i.

Nítorí náà, obìnrin kan lè ní kókó tí kò ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ, tí kò tíì dé abíyá, kó sì jẹ́ Grade 3. Òmíràn lè ní Grade 1 tó ti fi sílẹ̀ fún ọdún púpọ̀ títí tó fi wọ eegun. Ti ẹni kejì ló le jù. Grade 3 ò túmọ̀ sí pé ó ti tàn, Grade 1 ò sì túmọ̀ sí pé a lè fi dúró de lẹ́yìn ọdún Kérésì tàbí ìgbà tí àwọn ọmọ bá parí ìdánwò. Gbogbo ọjọ́ tí a bá fi jókòó, sítéèjì ni jẹjẹrẹ ń fi ọjọ́ náà rìn.

Àmì kan wà tí ẹ lè fi yẹ ara yín wò: gíréèdì jẹjẹrẹ ọmú kì í kọjá 3. Sítéèjì ló ń dé 4. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé "grade 4" ni, sítéèjì ló ní lọ́kàn, tàbí kí ọ̀rọ̀ náà má yé òun náà. Bákan náà, bí ẹ bá rí "III" láìsí ọ̀rọ̀ kankan níwájú rẹ̀, ẹ béèrè èwo nínú méjèèjì ni kí ẹkún tó bẹ̀rẹ̀.

Láti 2018 ni àwọn dókítà tó ń tẹ̀ lé ìlànà AJCC (ẹgbẹ́ kan ní Amẹ́ríkà tó ń ṣètò bí a ṣe ń ka sítéèjì jẹjẹrẹ) ti ń fi gíréèdì ṣírò ọ̀kan lára irú sítéèjì tí wọ́n ń kọ, èyí tí wọ́n pè ní prognostic stage. Ìdí nìyẹn tí ìwé kan fi lè ní sítéèjì méjì tí kò bára dọ́gba. Kì í ṣe àṣìṣe.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wá máàkì mẹ́ta tó wà nídìí nọ́ńbà kan

Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ kò ti ojú ọ̀run bọ́. Inú ọmú ló ti jáde, bí ọmọ tó jáde láti agbo ilé kan. Ìbéèrè tí patọ́lọ́jíìsì ń bi ara rẹ̀ ni pé: ṣé ó ṣì jọ ará ilé, àbí ó ti di àjèjì pátápátá? Ohun mẹ́ta ló ń wò, ó sì ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì 1, 2 tàbí 3. Nínú máàkì yìí, èyí tó kéré ló dára.

Àkọ́kọ́ ni bí wọ́n ṣe tò. Sẹ́ẹ̀lì ọmú tó pé máa ń tò yí ihò kékeré ká, ihò tí wàrà ń gbà. Wọ́n ń pè é ní tubule. Bí ohun tó ju ìdá 75 nínú 100 lára jẹjẹrẹ náà bá ṣì ń tò báyẹn, máàkì rẹ̀ jẹ́ 1. Bí ó bá wà láàárín 10 sí 75, máàkì 2. Bí kò bá tó 10, tí gbogbo wọn kàn wọ́ jọ gẹ̀gẹ̀rẹ̀, máàkì 3.

Èkejì ni kóró inú sẹ́ẹ̀lì, nucleus. Bí àwọn kóró náà bá kéré, tí wọ́n sì jọra, 1 ni. Bí wọ́n bá ti tóbi díẹ̀ tí ìrísí wọn sì ti ń yàtọ̀ síra, 2. Bí ọ̀kan bá tóbi ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ lọ́nà tó ya ojú lẹ́nu, tí ìrísí wọn sì wọ́, 3. Lórí ìwé, "nuclear pleomorphism" ni wọ́n ń kọ.

Ẹ̀kẹta ni mitosis, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì tó wà lẹ́nu pínpín sí méjì lásìkò tí wọ́n gé ẹran náà. Patọ́lọ́jíìsì á wá ibi tí pínpín ti pọ̀ jù, á sì ka iye tó rí ní ojú ibi mẹ́wàá tí awò máíkíróskóòpù fi hàn án. Awò máíkíróskóòpù kan fẹ̀ ju òmíràn lọ, nítorí náà ẹ má fi iye tí láàbù kan kà wé ti láàbù kejì. Máàkì 1, 2 tàbí 3 tó kẹ́yìn ni kí ẹ fi wéra.

Ẹ jẹ́ ká wo ìlà kan bó ṣe máa ń rí:

"Invasive ductal carcinoma, Grade 2 (T3 N2 M1)."

Ẹni tó bá ti lọ ka nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó tó rí ìlà yìí, àyà rẹ̀ á já. Nínú ọ̀rọ̀ sítéèjì, M1 túmọ̀ sí pé jẹjẹrẹ ti rìn kúrò nínú ọmú dé ibi tó jìnnà nínú ara. Ṣùgbọ́n níbí, T ni tubule, N ni nucleus, M ni mitosis. M1 inú àkámọ́ yìí ń sọ pé sẹ́ẹ̀lì tó ń pín kò pọ̀, ìròyìn rere sì ni. Ẹ ro ó pọ̀: 3 àti 2 àti 1 jẹ́ 6, tí í ṣe Grade 2. Bí àròpọ̀ bá bá gíréèdì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mu, ẹ mọ̀ pé máàkì ni, kì í ṣe sítéèjì. Nínú ìwé patọ́lọ́jì, sítéèjì sábà máa ń ní lẹ́tà "p" kékeré níwájú: pT2, pN1. Ẹran kékeré tí wọ́n gé nínú ọmú ò sì lè sọ fún ẹnikẹ́ni bóyá jẹjẹrẹ ti dé ẹ̀dọ̀. Àwọn láàbù kan tiẹ̀ ti ń kọ P dípò N, "T3 P2 M1", ó sì sàn bẹ́ẹ̀. Ní tèmi, ì bá dára kí gbogbo wọn kọ ọ̀rọ̀ náà ní kíkún. Iye ìnkì tó ń gbà ò tó ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń fà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ rò ó pọ̀ fúnra yín

Àròpọ̀ 3, 4 tàbí 5 ni Grade 1. Àròpọ̀ 6 tàbí 7 ni Grade 2. Àròpọ̀ 8 tàbí 9 ni Grade 3.

Bí ìwé bá sọ "Grade 2, score 7/9", ẹ mọ̀ pé ó kù máàkì kan ṣoṣo kó di 3. Òun àti 6/9 ń jẹ́ orúkọ kan náà, ṣùgbọ́n wọn ò dọ́gba. Àárín yìí ni patọ́lọ́jíìsì méjì ti lè ṣe àríyànjiyàn jù, kì í sábà wáyé láàárín 1 àti 3. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń rọ̀ yín pé kí ẹ má gba "Grade 2" lásán. Ẹ béèrè máàkì mẹ́ta náà.

Àwọn ìwé kan ò ní nọ́ńbà, ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń kọ: "well differentiated" fún 1, "moderately" fún 2, "poorly" fún 3. "Poorly" yìí ń sọ pé sẹ́ẹ̀lì náà ò jọ ará ilé mọ́. Kò sọ pé ìtọ́jú ò ní ṣiṣẹ́.

Jẹjẹrẹ kan tún wà tí wọ́n ń pè ní lobular. Irú sẹ́ẹ̀lì yẹn kì í tò yí ihò ká rárá, bó ṣe wá nìyẹn, nítorí náà 3 ló sábà máa ń gbà nínú tubule, tí àpapọ̀ rẹ̀ sì máa ń bọ́ sí Grade 2. Ẹ má jẹ́ kí 3 yẹn nìkan dẹ́rù bà yín.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ kà á pẹ̀lú ER, PR àti HER2

Gíréèdì nìkan kì í yan oògùn. Àyẹ̀wò mẹ́ta míràn wà tí wọ́n ń ṣe lórí ẹran kan náà, tí wọ́n sábà máa ń pè ní immunohistochemistry tàbí IHC. Ní Nàìjíríà, owó ọ̀tọ̀ ni wọ́n sábà máa ń gbà fún un, èsì rẹ̀ sì lè dé lẹ́yìn ti gíréèdì. Bí owó bá ṣẹ́kù díẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí, ibí ni kó lọ, kí ó tó lọ sórí fítámínì àti tíì olówó iyebíye tí gbogbo èèyàn ń tà fún aláìsàn.

ER àti PR ń sọ bóyá họ́mọ̀nù obìnrin ló ń bọ́ jẹjẹrẹ náà. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, oògùn oníkóró bíi tamoxifen wà fún un, èyí tí wọ́n sábà máa ń lò fún ọdún 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. HER2, èròjà kan lára sẹ́ẹ̀lì tó máa ń mú kó yára dàgbà bó bá pọ̀ jù, ní máàkì tirẹ̀: 0 àti 1+ kò ní in tó láti kà á sí positive, 3+ ní in, oògùn trastuzumab sì wà fún un. 2+ kì í ṣe èsì, ìbéèrè ni. Ó nílò àyẹ̀wò kejì tí wọ́n ń pè ní FISH. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi 2+ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra o: láàbù lè kọ "ER: Allred 8/8". Allred ni ètò máàkì tí wọ́n fi ń wọn ER; 8 yìí ò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú 8/9 ti gíréèdì. Allred 8 ń sọ pé ohun tó ń gba họ́mọ̀nù mú hàn kedere lára sẹ́ẹ̀lì, tamoxifen àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ní ibi tí wọ́n máa dì mú. Níbẹ̀, nọ́ńbà ńlá ló dára.

Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jẹ́ negative, triple negative ni. Ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn obìnrin dúdú, nílé àti ní Amẹ́ríkà, ju láàárín àwọn òyìnbó lọ, ó sì sábà máa ń jẹ́ Grade 3. Kímò (chemotherapy, oògùn tó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ) ni igi lẹ́yìn ọgbà fún un. Ohun tí wọn kì í sọ fún aláìsàn tó nìyí: sẹ́ẹ̀lì tó ń pín kíákíá ni kímò ń bá jà jù, nítorí náà Grade 3 ló sábà máa ń gbọ́ràn sí kímò ju Grade 1 lọ. Àwọn kan wà lára àwọn onítriple negative àti HER2 positive tí wọ́n gba oògùn kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ, tí patọ́lọ́jíìsì wá inú ẹran tí wọ́n gé, tí kò rí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ kankan mọ́.

Ẹ̀yin tó wà ní Bìrìtéènì lè rí NPI lórí ìwé yín, ìyẹn Nottingham Prognostic Index, ìṣirò tí wọ́n fi ń díwọ̀n bí àìsàn náà ṣe lè rí lọ́jọ́ iwájú. Ìṣirò rẹ̀ ò le: ẹ fi 0.2 sọ ìwọ̀n kókó ní sẹ̀ǹtímítà di púpọ̀, ẹ fi máàkì abíyá kún un (1 bí kò bá sí nǹkan níbẹ̀, 2 bí jẹjẹrẹ bá wọ kókó abíyá 1 sí 3, 3 bó bá wọ 4 sókè), ẹ wá fi gíréèdì kún un. Kókó oní-sẹ̀ǹtímítà 3, abíyá mọ́, Grade 3: 0.6 àti 1 àti 3, ó jẹ́ 4.6. Ẹ wò ó dáadáa: kí gíréèdì gòkè ní ẹyọ kan ṣoṣo wúwo tó kí kókó fi sẹ̀ǹtímítà 5 tóbi sí i. Ìyẹn ló fi ìwúwo gíréèdì hàn. Ṣùgbọ́n ìṣirò yìí ti pẹ́, kò ka ER tàbí HER2 mọ́ra, ẹ má fi nìkan sọ àsọtẹ́lẹ̀ ẹ̀mí ẹnikẹ́ni.

Bí gíréèdì ò bá sí lórí ìwé náà ńkọ́?

Ó lè jẹ́ pé abẹ́rẹ́ tín-ín-rín ni wọ́n fi fa sẹ́ẹ̀lì, àyẹ̀wò FNAC. Ìyẹn lè sọ pé jẹjẹrẹ ni, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì tó ti tú ká kò lè fi bó ṣe tò hàn. Ẹ béèrè core biopsy, tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ nípọn tó láti gé ẹran jáde. Àwọn tó ń sọ pé bí irin bá ti kàn án ló máa tàn, ọ̀rọ̀ wọn kò rí bẹ́ẹ̀, ó sì ti mú kí ọ̀pọ̀ pẹ́ nílé.

Ó lè jẹ́ DCIS, jẹjẹrẹ tó ṣì wà nínú ojú ọ̀nà wàrà, tí kò tíì já ògiri. Tirẹ̀ ni low, intermediate tàbí high, kóró sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n sì ń wò jù. High grade DCIS kì í ṣe Grade 3 tí a ń sọ bọ̀.

Gíréèdì báyọ́sì sì lè yàtọ̀ sí ti ìgbà tí wọ́n gé gbogbo kókó, nítorí pé ẹran tí abẹ́rẹ́ mú kéré. Bí ẹ bá ti gba kímò ṣáájú iṣẹ́ abẹ, oògùn ti da ojú sẹ́ẹ̀lì rú. Ẹ tọ́jú gíréèdì ti ìṣáájú.

Bí wọn ò bá tíì gé ẹran náà

Nílé wa, ẹbí ni wọ́n sábà máa ń gbé ìgò ẹran fún pé kí wọ́n gbé e lọ sí láàbù. Iṣẹ́ ńlá ni, bó tilẹ̀ jọ iṣẹ́ ọmọdé. Kí ẹ tó gbà á, ẹ béèrè pé: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé fọ́málíìnì ló wà nínú rẹ̀?" Fọ́málíìnì ni oògùn olómi tí kì í jẹ́ kí ẹran bàjẹ́; omi lásán àti omi iyọ̀ máa bà á jẹ́. Wákàtí kan lẹ́yìn gígé kò gbọdọ̀ kọjá kó tó wọ fọ́málíìnì, kí fọ́málíìnì náà sì bò ó dáadáa. Ó gbọ́dọ̀ lo ó kéré tán wákàtí 6 nínú rẹ̀, kó má sì ju wákàtí 72 lọ, bí wọ́n bá máa ṣe ER àti HER2 sí i. Nítorí náà, ìgò tí wọ́n gbé fún yín ní Friday, tí ẹ gbé sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n títí di Tuesday, ti kọjá àkókò. Bí ẹran bá sì pẹ́ níta kó tó wọ fọ́málíìnì, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń pín á ṣòro láti kà, máàkì mitosis á lọ sílẹ̀, Grade 3 lè fara hàn bíi Grade 2. Ẹ rí i pé orúkọ àti ìhà ọmú wà lára ìgò fúnra rẹ̀, kì í ṣe lórí ìdérí.

Ọjọ́ tí ẹ bá wọlé bá dókítà

Ẹ mú ẹnìkan tó lè kọ nǹkan sílẹ̀ dání, nítorí etí aláìsàn kì í gbọ́ ju ìlà méjì lọ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ béèrè àwọn wọ̀nyí: Kí ni máàkì mẹ́ta náà, kí sì ni àròpọ̀ rẹ̀? Sítéèjì ńkọ́, ṣé a ti mọ̀ ọ́n, àbí a ṣì ń retí sìkáànì? ER, PR àti HER2 ńkọ́? Ṣé gíréèdì yìí ló mú kẹ́ ẹ fẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kímò, àbí nǹkan míràn? Bí wọ́n bá kọ Ki-67, ìdá sẹ́ẹ̀lì tó ń gbára dì láti pín ló ń sọ, ẹ béèrè bóyá ó bá gíréèdì mu.

Bí àwọn nǹkan ò bá bára mu, bíi Grade 1 tó jẹ́ triple negative, tàbí àròpọ̀ tó wà ní ẹnu ààlà 7 sí 8 nígbà tí ìpinnu kímò rọ̀ mọ́ ọn, kò sí àrífín nínú kí patọ́lọ́jíìsì mìíràn tún un wò. Kò dìgbà tí wọ́n bá tún gé yín. Ẹran tí wọ́n ti gé wà nínú ìda ní láàbù, block ni wọ́n ń pè é. Ẹ fi nọ́ńbà láàbù yẹn béèrè fún un pẹ̀lú slide, ẹ fọwọ́ sí ìwé pé ẹ gbà á, ẹ má sì kó gbogbo block kúrò lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ dì wọ́n sínú páálí tó le, nítorí díńgí ni slide, kí ẹ sì gbé e dání fúnra yín. Ẹ má fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò tí oòrùn ń pa: ìda máa ń yọ́.